Bakitéríà, àǹtíbíótíìkì àti aràn: ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń béèrè jù

Ojú ewé yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti ti lábò, ẹ̀yin tí ẹ ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì, tí ẹ sì ń fi Yorùbá bá aláìsàn sọ̀rọ̀. A kọ orúkọ oògùn bí ẹ ṣe máa rí i lára páálí. Kí ẹ tó fa oògùn kan yọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ibo lára kòkòrò ni oògùn yìí ń bá jà, ṣé kòkòrò tó wà níwájú wa sì ní ibẹ̀?

Kí ló ya bakitéríà, fírúsì, èbu àti àfòmọ́ sọ́tọ̀ síra wọn?

Bakitéríà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí kò ní kóró nínú. Gígùn ọ̀pọ̀ wọn kò ju máíkírómítà 1 sí 5 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni máíkírómítà 1,000 ló wà nínú mílímítà kan. Ó ní ògiri tí a fi peptidoglycan mọ, èyí tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní. Ribosóòmù rẹ̀, níbi tó ti ń hun purotéènì, jẹ́ 70S. Tiwa jẹ́ 80S. Ẹ má gbàgbé ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, torí orí wọn ni ọ̀pọ̀ àǹtíbíótíìkì dúró lé.

Fírúsì kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì rárá. DNA tàbí RNA tí purotéènì bò ni, ọ̀pọ̀ wọn sì wà láàárín nánómítà 20 sí 300. Kò ní ògiri, kò ní ribosóòmù. Irinṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì wa ló ń yá lò. Èbu àti ìwúkàrà bíi Candida ní kóró, wọ́n ní ògiri chitine, ergostérol sì wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì wọn. Ṣíṣe ergostérol yẹn ni fluconazole ń dá dúró.

Àfòmọ́ pín sí ọ̀nà méjì: àwọn oní-sẹ́ẹ̀lì-kan, bíi Plasmodium, Entamoeba, Giardia àti Trypanosoma, àti àwọn aràn. Gbogbo wọn ló ní kóró nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì wọn sì jọ tiwa gan-an. Oògùn tó ń fọ́ ògiri bakitéríà kò lè kàn wọ́n.

Kí ló dé tí àwọn olùkọ́ fi ń tẹnu mọ́ Gram, ìyẹn kíkun bakitéríà láwọ̀, tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ó lè sọ fún dókítà ẹgbẹ́ tí bakitéríà wà, nígbà tí gbígbìn yóò gba ọjọ́ kan ó kéré tán. Hans Christian Gram ló gbé e jáde ní 1884, a ò sì tíì rí ohun tó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ tẹ́ àpẹẹrẹ náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sórí gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ wá fi kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ da cristal violet sí i fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàn án. Ẹ da Lugol (omi iode) sí i fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kán ọtí alcool-acétone sí i títí ohun tó ń ṣàn sílẹ̀ kò fi ní àwọ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Ẹ fi omi ṣàn án kíá. Ẹ fi fuchsine tàbí safranine parí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 60. Ojú ×100 pẹ̀lú òróró ni ẹ ó fi wò ó. Gram positif á dúdú bí elése àlùkò, Gram négatif á pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ìpele ọtí yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bó bá pẹ́ jù, positif á di pupa. Bí ẹ bá tẹ́ àpẹẹrẹ nípọn, ọtí ò ní ráyè wọ inú rẹ̀, négatif á wá dúdú. Bí ẹ bá gbàgbé Lugol, gbogbo rẹ̀ á pọ́n. Bakitéríà tó ti pẹ́ nínú àwo, tàbí ti aláìsàn tó ti lo amoxicilline láti àná, máa ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀ nítorí pé ògiri rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ máa fi Staphylococcus aureus sí etí kan gíláàsì, kí ẹ fi Escherichia coli sí etí kejì: bí méjèèjì bá jáde bó ṣe yẹ, ẹ lè gba ohun tó wà láàárín gbọ́.

Àwọn kan wà tí Gram kò lè fi hàn yín dáadáa. Ògiri Mycobacterium, ẹgbẹ́ kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, kún fún ọ̀rá, àwọ̀ Ziehl-Neelsen ni tirẹ̀. Mycoplasma kò ní ògiri. Chlamydia trachomatis ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì. Òun ló ń fa trachome, àrùn ojú tí OMS (Àjọ Ìlera Àgbáyé) kéde ní 2023 pé kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogbo ìlú mọ́ ní Bẹ̀nẹ̀.

Ṣé gbogbo bakitéríà tí a bá rí ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú?

Rárá. E. coli ń gbé inú ìfun wa láìṣe wá ní nǹkan. Nínú àpò ìtọ̀ ló ti di àrùn. Ìtọ̀ tó bá ní oríṣi kòkòrò mẹ́ta, lọ́pọ̀ ìgbà, àìfọ abẹ́ dáadáa kí a tó gba ìtọ̀ ló fà á. Ẹ gba òmíràn.

Ibo ni àǹtíbíótíìkì ti ń bá bakitéríà jà?

Pénicilline, amoxicilline àti ceftriaxone ń dá mímọ ògiri dúró. Ìdí nìyí tí wọn kò fi wúlò fún Mycoplasma: kò sí ògiri níbẹ̀. Gentamicine àti doxycycline ń bá apá 30S ribosóòmù jà, érythromycine àti azithromycine ń bá 50S. Ciprofloxacine ń dí ẹ́nsáìmù tó ń tú DNA lọ́wọ́. Cotrimoxazole ń dí ọ̀nà tí bakitéríà fi ń ṣe folate. A kì í ṣe folate fúnra wa, inú oúnjẹ la ti ń rí i. Rifampicine ń dí ṣíṣe RNA. Métronidazole ń ba DNA jẹ́, ṣùgbọ́n inú kòkòrò tó ń gbé láìsí afẹ́fẹ́ nìkan ló ti ń jí, ìdí nìyí tó fi kan àmíìbà àti Giardia náà.

Ọ̀fìnkìn ńkọ́? Fírúsì ni. Ẹ wo àkójọ òkè yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí fírúsì ní.

Báwo ni bakitéríà ṣe ń kọ oògùn?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Ó lè ṣe ẹ́nsáìmù tó ń gé oògùn: ní 1940, kí pénicilline tó dé ọwọ́ aráyé, Abraham àti Chain ti ṣàlàyé ọ̀kan nínú wọn. Ó lè yí ibi tí oògùn ń dì mọ́ padà, bí SARM, Staphylococcus aureus tó ń kọ méticilline, ti ṣe. Ó lè máa fa oògùn sóde bó ṣe ń wọlé. Ó sì lè ti ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà lára awọ rẹ̀ pa.

Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni plasmide, òrùka DNA kékeré tí bakitéríà kan lè fà lé òmíràn lọ́wọ́, kódà bí wọn ò tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà. Oríṣi oògùn mẹ́ta sí mẹ́rin lè wà lórí òrùka kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tí ẹ fún ní cotrimoxazole láìnídìí lè máa bọ́ bakitéríà tó ti kọ amoxicilline. Kì í ṣe ara aláìsàn ni oògùn ti “mọ́ lára” o. Kòkòrò ló yí padà, kòkòrò yẹn sì lè bọ́ sára aládùúgbò tí kò lo oògùn rí.

Báwo la ṣe ń ṣe antibiogramme, àyẹ̀wò oògùn tó lè pa kòkòrò, kí ló sì ń mú èsì rẹ̀ parọ́?

Ẹ mú àgbájọ mẹ́ta sí márùn-ún tó jọra láti inú àwo tó mọ́, ẹ pò ó sínú omi iyọ̀ títí ìrídìí rẹ̀ á fi bá 0.5 McFarland mu. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bakitéríà 1.5 × 10⁸ nínú mílílítà kan. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ fi òwú tẹ́ ẹ sórí agar Mueller-Hinton lọ́nà mẹ́ta, kí ẹ máa yí àwo náà. Ẹ to àwọn dísíkì oògùn sí i láàárín ìṣẹ́jú 15 mìíràn, ẹ gbé e sí 35 °C fún wákàtí 16 sí 20, ẹ wá fi rúlà wọn àyíká tí kòkòrò kò hù sí.

Jíjìn agar gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 4. Bó bá tín-ín-rín, oògùn á tàn jìnnà, kòkòrò tó ń kọ oògùn á dà bí ẹni pé ó gbọ́ràn. Bí ẹ bá po kòkòrò nípọn jù, òdìkejì rẹ̀ ni ẹ ó rí. Dísíkì tó ti gba ọ̀rinrin ńkọ́? Ó ti kú. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ lóru, fíríìjì máa ń gbóná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fi E. coli ATCC 25922 dán dísíkì wò kí ẹ tó lò ó fún aláìsàn. Ìwọ̀n àyíká tó tóbi jù kò sọ oògùn kan di èyí tó dára jù: tábìlì oògùn kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó fi í wé.

“Widal mi positif.” Ṣé ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, a ò lè sọ. Widal jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ohun ìjà tí ara ti ṣe sí kòkòrò ibà yìí, Salmonella, èyí sì lè ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, tàbí kó jẹ́ Salmonella mìíràn tàbí ibà ẹ̀fọn ló fà á. Èsì kan ṣoṣo kò tó. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀: mílílítà bíi 10 lọ́wọ́ àgbà, kí oògùn tó wọ ẹnu. Tiwa ni pé ẹ má fi Widal nìkan bẹ̀rẹ̀ ciprofloxacine.

Báwo la ṣe ń fún ọmọdé ní amoxicilline fún òtútù àyà?

Fún ọmọ oṣù méjì sí ọdún márùn-ún tó ń mí kíákíá tàbí tí àyà rẹ̀ ń wọlé, àmọ́ tí kò ní àmì ewu, OMS ní 40 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Pẹ̀lú oníhóró 250 mg tó ń yòrò nínú omi: kílò 4 sí ìsàlẹ̀ 10, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, kílò 10 sí ìsàlẹ̀ 14, ẹyọ méjì-méjì, kílò 14 sí 19, ẹyọ mẹ́ta-mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ oníyẹ̀fun inú ìgò, ẹ gbọn ìgò kí yẹ̀fun má dì. Ẹ da omi tí a ti sè tó sì ti tutù sí i dé ìdajì, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dúró kí ìfófò rọlẹ̀, ẹ wá fi omi kún un dé ìlà. Ìyá tó bá ka ìfófò mọ́ omi nígbà tó ń wo ìlà kò ní da omi tó, oògùn rẹ̀ á le jù. Kí wọ́n gbọ̀n ọ́n kí wọ́n tó bù ú nígbà gbogbo, kí wọ́n sì da ìyókù nù ní ọjọ́ tí páálí bá sọ, ọjọ́ méje ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ṣé dandan ni kí aláìsàn lo oògùn tán?

Ó gbọ́dọ̀ lo iye ọjọ́ tí ẹ kọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ má kọ ọjọ́ mẹ́wàá níbi tí márùn-ún ti tó: gbogbo ọjọ́ tó lé ń kọ́ bakitéríà inú ìfun bí wọn yóò ṣe kọ oògùn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ́ ọ̀tọ̀. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń gbà, ẹni tó bá dúró nínú oṣù kejì torí ara rẹ̀ ti yá ń wá wàhálà.

Oògùn orí àtẹ lọ́jà ńkọ́? Ó ṣe tán, ó rọjú.

Oògùn tí oòrùn ti pa, tí wọ́n ti yọ kúrò nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́, lè má ní ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Ìdajì yẹn ló burú ju àìlò lọ: ó ń pa kòkòrò tó ń gbọ́ràn, ó sì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó ń kọ oògùn. Kútọnu tó wà nítòsí wa ni Jacques Chirac, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, ti ké sí àwọn ìjọba lórí oògùn ayédèrú ní oṣù kẹwàá 2009. Bí aláìsàn bá jẹ́wọ́ fún yín pé òun ti ra kápúsù méjì ní ọjà Ouando, ẹ má bá a jà. Ẹ béèrè àwọ̀ rẹ̀, ìgbà tó lò ó àti iye rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù lábò, torí ó lè mú kí àwo má hu nǹkan kan.

TDR (àyẹ̀wò kíá) àti goutte épaisse (ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ nípọn lábẹ́ mikirosikóòpù) fún ibà ẹ̀fọn: èwo ni ká gbà gbọ́?

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan. TDR tó wọ́pọ̀ ń wá HRP2, purotéènì tí Plasmodium falciparum ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ara ti yá. Nítorí náà TDR kò lè sọ bóyá oògùn ṣiṣẹ́. Ìlà fífẹ́ẹ́rẹ́ náà positif ni. Bí ìlà C kò bá jáde, ẹ jù ú nù. Ẹ má fi omi inú kítì kan lo kítì mìíràn, ẹ má sì kà á ṣáájú àsìkò tí ìwé rẹ̀ sọ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Goutte épaisse ló ń ka iye. Ẹ̀jẹ̀ bíi máíkírólítà 6, kí ẹ yí i ká títí yóò fi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ bá gbé e lé ìwé ìròyìn, kí ẹ ṣì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ka lẹ́tà abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lórí ibi tó tẹ́jú, láìsí méthanol, láìsí iná. Méthanol jẹ́ ti frottis (ẹ̀jẹ̀ tí a tẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́) nìkan. Bí ó bá kan goutte épaisse, tàbí tí oòrùn sè é, sẹ́ẹ̀lì pupa ò ní fọ́, gbogbo gíláàsì á ṣókùnkùn. Giemsa 10% fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, tàbí 3% fún ìṣẹ́jú 30 sí 45, omi rẹ̀ kí ó wà ní pH 7.2. Ẹ po Giemsa lójoojúmọ́: èyí tó ti dúró di ọ̀la ń dì ní èérún, èérún yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà sí kòkòrò.

Ẹ wo ojú 100 kí ẹ tó kọ négatif. Bí ó bá wà, ẹ ka kòkòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun 200, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8,000, ẹ fi 200 pín in. Kòkòrò 150 nínú 200 yóò jẹ́ 6,000 nínú máíkírólítà kan.

Báwo ni CTA, àpapọ̀ oògùn ibà ẹ̀fọn, ṣe ń lọ?

Artéméther-luméfantrine 20/120 mg: kílò 5 sí ìsàlẹ̀ 15, ẹyọ kan, 15 sí ìsàlẹ̀ 25, méjì, 25 sí ìsàlẹ̀ 35, mẹ́ta, 35 sókè, mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni gbogbo rẹ̀: èkejì lẹ́yìn wákàtí 8, ìyókù láàárọ̀ àti lálẹ́ títí di ọjọ́ kẹta. Luméfantrine kì í wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá. Ẹni tó fi omi lásán gbé e mì ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Àkàrà mélòó kan tàbí wàrà tó. Bó bá bì láàárín wákàtí kan, kó tún un lò. Láti 2022, OMS ti fọwọ́ sí i fún aboyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pẹ̀lú.

Gìrì, àìlèjókòó, ìtọ̀ dúdú tàbí ọmọ tí kò lè mu ọmú: ẹ má fi ẹnu fún un. Artésunate abẹ́rẹ́ ni, 2.4 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 0, 12 àti 24. Ọmọ tí kò tó kílò 20 gba 3 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan.

Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀: ṣé àmíìbà ni?

Kò dájú; Shigella náà ń ṣe é. Ìgbẹ́ olómi gbọ́dọ̀ dé abẹ́ mikirosikóòpù láàárín ìṣẹ́jú 30, torí àmíìbà ò ní rìn mọ́ bó bá tutù. Ẹ kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ wò ó. Lugol ń pa á, kóró nìkan ló ń fi hàn. Àmíìbà tó gbé sẹ́ẹ̀lì pupa mì ni ẹ lè bọwọ́ lù. Ẹyin rẹ̀ tó ní kóró mẹ́rin lè jẹ́ ti Entamoeba dispar tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan. Fún àgbà, métronidazole 750 mg lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ 5 sí 10, lẹ́yìn náà oògùn tó ń pa èyí tó kù nínú ìfun, bíi paromomycine. Ẹ sọ fún un pé sódábì àti bíà di èèwọ̀ títí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó bá parí.

Ṣé albendazole pa gbogbo aràn?

Rárá. 400 mg lẹ́ẹ̀kan, 200 mg fún ọmọ oṣù 12 sí 23, dára fún Ascaris, ó sì dára fún aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, ìyẹn Necator àti Ancylostoma. Trichuris kì í sábà kú lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ẹ má fún aboyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹyin Ascaris gbọ́dọ̀ gbé inú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó lè ranni. Ẹnu ló ń gbà wọlé, lórí ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa. Necator ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ẹni tó bá ní i sì nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú albendazole. Nínú Kato-Katz, ọ̀nà tí a fi ń ka ẹyin aràn nínú ìgbẹ́, ẹyin rẹ̀ ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ẹ bá kó gíláàsì jọ dìrọ̀lẹ́, ẹ ó kọ négatif fún ẹni tó ní i.

Strongyloides ni ká ṣọ́ra fún. Ọmọ rẹ̀ ló ń jáde nínú ìgbẹ́, kì í ṣe ẹyin. Ẹni tó ní i, tí a wá fún ní corticoïde fún ikọ́ fée, lè kú nítorí pé aràn náà á pọ̀ káàkiri ara. Ivermectine 200 máíkírógíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ni oògùn rẹ̀.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n ń fúnni ní Taenia solium. Praziquantel 5 sí 10 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan, ń lé e jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ní wárápá, ẹ dúró: ọmọ aràn lè wà nínú ọpọlọ, oògùn yìí á sì mú gìrì dé.

Ọmọ ń tọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní àtọ̀sí ni.

Ẹ béèrè bóyá ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí kì í sáré. Àtọ̀sí ajá jẹ́ ti Schistosoma haematobium, ceftriaxone tí a fi ń tọ́jú àtọ̀sí ìbálòpọ̀ kò kàn án rárá. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ gba ìtọ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹyin ń jáde jù. Kí ó sáré díẹ̀ ṣáájú. Ẹ sẹ́ mílílítà 10, ẹ wá ẹyin tó ní ẹ̀gún ní ìdí. Bí ẹ̀gún bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, S. mansoni ni, inú ìgbẹ́ ló ń gbà jáde. Praziquantel 40 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kò ń pa aràn tó ṣì kéré, nítorí náà ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi igi wọn gíga èèyàn kí wọ́n tó fún un ní ivermectine lápá Ṣábẹ̀ẹ́?

Gíga ló ń rọ́pò ìwọ̀n kílò níbi tí kò sí òṣùwọ̀n. Sẹ̀ǹtímítà 90 sí 119, ẹyọ 3 mg kan. 120 sí 140, méjì. 141 sí 158, mẹ́ta. 159 sókè, mẹ́rin. Ẹni tí kò tó 90, aboyún àti ìyá tó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í gbà á. Eṣinṣin dúdú tó ń gbé àrùn ìfọ́jú ẹ̀bá odò kiri ń yé sínú omi tó ń sáré láàárín àpáta. Ivermectine ń pa ọmọ aràn, ìyá rẹ̀ sì lè wà láàyè ju ọdún mẹ́wàá lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń padà wá lọ́dọọdún. Sòbìà ní tirẹ̀ kò ní oògùn kankan. Sísẹ́ omi mímu àti fífi igi ká a jáde ló lé e lọ, OMS sì fún Bẹ̀nẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ní 2009.

Omi Javel: báwo la ṣe ń pò ó?

Ẹ ka ìgò rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2.6%, ife kan Javel sí ife mẹ́rin omi fún ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀. Ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.5%. Ẹ kọ́kọ́ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí ó ń pa agbára Javel. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọṣẹ olómi-kíkan, èéfín rẹ̀ ń ṣeni léṣe. Ọtí 70% ń pa kòkòrò ju 95% lọ, torí ó nílò omi díẹ̀ láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Fún irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ, autoclave ní 121 °C fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà lẹ́yìn tó bá ti dé 121, kì í ṣe láti ìgbà tí ẹ tan iná.

Abẹ́rẹ́ aláìsàn gún mi. Kí ni kí n ṣe?

Ọṣẹ àti omi lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún ojú egbò. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an: oògùn ìdènà VIH gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì lè jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, ó sàn jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ abẹ́rẹ́ àjẹsára hépatite B yín wò lọ́jọ́ yẹn kan náà.